Ta Ló Yẹ Ká Bi Nípa Kọpiráìtì? Ìbéèrè Méjì, Ẹnu Púpọ̀

Bọ̀dá kan tó ń tún fóònù ṣe ní Mọ́kọ́lá ló kọ́kọ́ kọ́ mi ní òfin kọpiráìtì. Ó ní, “Àbúrò, bó o bá ti gé e tí kò tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú, kò sẹ́ni tó lè mú ẹ.” Mo gbà á gbọ́. Mo máa ń ṣe fídíò tí mo fi ń yẹ fíìmù Yorùbá wò, mo sì gé àwòrán inú fíìmù kan wẹ́wẹ́. Èyí tó gùn jù nínú wọn kò ju ìṣẹ́jú-àáyá 22 lọ. Alẹ́ Sátidé ni mo gbé e sórí YouTube. Kí n tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Àìkú, ẹni tó ni fíìmù ti fi ẹ̀sùn lé e, owó ìpolówó tó yẹ kó wọlé fún mi sì ti yà sọ́dọ̀ tiẹ̀.

Bọ̀dá yìí ò purọ́ mọ́ mi o. Ohun tí wọ́n sọ fún òun náà ló sọ. Òfin Nàìjíríà kò ka ìṣẹ́jú-àáyá fún ẹnikẹ́ni, ti Amẹ́ríkà kò kà á, ti Ìlú Ọba náà kò kà á. Síbẹ̀, òfin ààbọ̀ ìṣẹ́jú yìí ni mo gbọ́ jù lẹ́nu àwa tó ń ṣe fídíò, òun àti ọmọ ìyá rẹ̀ kan: ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń kọ sábẹ́ fídíò pé àwọn kọ́ ló ni orin tó wà nínú rẹ̀, pé àwọn ò sì ní in lọ́kàn láti rú òfin. Ẹni tó bá kọ irú ẹ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun mọ̀ pé ohun olóhun ni.

Nítorí náà ni mo ṣe mú ìbéèrè méjì, mo sì ń gbé wọn kiri bí ẹni tó ń ná aṣọ ní Gbági, láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Àkọ́kọ́: ṣé mo lè fi àwòrán fíìmù díẹ̀díẹ̀ sínú fídíò tí mo ti ń sọ ibi tí fíìmù náà dára sí àti ibi tó kù sí? Èkejì: ṣé mo lè máa ka ìwé ìtàn D. O. Fágúnwà kan sórí YouTube, orí kan lọ́sẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin? Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò. Ohun tí mo lè sọ fún yín ni ẹni tó dáhùn, bó ṣe dáhùn, àti ibi tí màá kọ́kọ́ kọjú sí bí ọ̀rọ̀ bá tún délẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni mo máa ń wò báyìí kí n tó gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni lórí èyí. Òfin ìlú wo ló ń sọ? Ọdún wo ló sọ ọ́? Ta ló ń jẹun nínú ìdáhùn náà? Ìbéèrè kẹta yìí ló máa ń la ojú mi jù.

Ojúlé Amẹ́ríkà

Ẹ tẹ fair use, ìyẹn àyè tí òfin fi sílẹ̀ láti lo iṣẹ́ olóhun láìgba àṣẹ, sínú Google, Amẹ́ríkà ló máa kún ojú fóònù yín. Mi ò bú wọn, wọ́n ṣiṣẹ́. Láti 2015 ni ilé iṣẹ́ kọpiráìtì ìjọba Amẹ́ríkà ti gbé àkójọ ẹjọ́ kan síta lọ́fẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń pè ní Fair Use Index. Ẹ lè yan irú iṣẹ́ tó jẹ yín lógún, bóyá orin, bóyá àwòrán, bóyá ìwé. Wọn á sọ ẹjọ́ náà ní ṣókí, wọn á sì sọ bóyá adájọ́ gbà pé fair use ni tàbí kò gbà. Yunifásítì Stanford náà ní ojúlé kan tó ṣàlàyé rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì tí ẹni tí kò ka ìwé òfin lè lóye.

Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé abala 107 nínú òfin wọn ti 1976 kò gbé ìlà kalẹ̀ tó sọ pé ibí yìí ni kẹ́ ẹ má kọjá. Òṣùwọ̀n mẹ́rin ló gbé lé adájọ́ lọ́wọ́: kí lẹ fẹ́ fi iṣẹ́ náà ṣe, irú iṣẹ́ wo ni, báwo lẹ ṣe mú nínú rẹ̀ tó, kí sì ni ohun tẹ́ ẹ ṣe yìí máa ṣe sí ọjà ẹni tó ni ín. Ní 1994, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ àwọn olórin 2 Live Crew tí wọ́n fi orin olórin ṣe ìsínjẹ, tí wọ́n sì ń tà á. Ilé ẹjọ́ ní títà tí wọ́n ń tà á nìkan kò tó láti dá wọn lẹ́bi. Ní 2023, ilé ẹjọ́ kan náà gbọ́ ẹjọ́ àwòrán olórin Prince: Lynn Goldsmith ló ya fọ́tò náà ní 1981, Andy Warhol fi ṣe àwòrán tiẹ̀, àjọ tó ń bójú tó ohun tí Warhol fi sílẹ̀ sì gbowó lọ́wọ́ ìwé ìròyìn kan lórí rẹ̀ ní 2016. Goldsmith ló jàre lórí òṣùwọ̀n àkọ́kọ́, torí iṣẹ́ kan náà ni fọ́tò tiẹ̀ àti àwòrán yẹn ń ṣe lójú ewé ìwé ìròyìn. Ẹni tó bá ka ẹjọ́ méjèèjì yìí pọ̀ ti mọ̀ pé bí òun bá kàn yí ohun olóhun padà díẹ̀, àṣẹ ò tíì tọ́ sóun lọ́wọ́.

Ìbàdàn ni mo wà ṣá. Ẹni tó bá fi aago New York jí ní Ìbàdàn, iṣẹ́ á ti kásẹ̀ nílẹ̀ kó tó dé. Ojúlé Amẹ́ríkà kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wọn ọ̀rọ̀, kò sì lè sọ fún mi ohun tí òfin tó de èmi wí. Lórí ìbéèrè kejì gan-an, ó fẹ́ẹ̀ ṣì mí lọ́nà, nítorí bí Amẹ́ríkà ṣe ń ka ọdún àwọn ìwé àtijọ́ wọn yàtọ̀ pátápátá sí bí àwa ṣe ń kà á.

Òfin tiwa, àti àwọn tó ń ṣọ́ ọ

2022 ni ọdún tó wà lórúkọ òfin kọpiráìtì tí Nàìjíríà ń lò báyìí, ṣùgbọ́n March 17, 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí i. Ó rọ́pò èyí tí ìjọba ológun ṣe ní 1988. Kò sí fair use nínú rẹ̀; fair dealing, àyè ìlò tí òfin dárúkọ ìdí rẹ̀, ló wà níbẹ̀, ní abala 20. Mo rò pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n títí mo fi kà á.

Ohun tí abala náà dárúkọ nìyí: ìlò àdáni, ìsínjẹ àti ẹ̀fẹ̀ lóríṣiríṣi, ìwádìí tí kì í ṣe ti òwò àti ìkẹ́kọ̀ọ́ àdáni, àríwísí, àyẹ̀wò àti ìròyìn ohun tó ń lọ lọ́wọ́. Ó ní “irú bíi” kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n, èyí tó jẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀ ju ti òfin àtijọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ló wá to òṣùwọ̀n mẹ́rin, ó sì dà bíi pé wọ́n gbé e tọ̀tún tòsì láti Amẹ́ríkà. Ìdí nìyẹn tí ohun tí mo kà ní Stanford kò fi ṣòfò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe skit, tẹ́ ẹ ń sín àwọn òṣèré jẹ, ẹ ka abala yẹn dáadáa. Òfin àtijọ́ náà dárúkọ ìsínjẹ.

Ìdáhùn sí ìbéèrè mi àkọ́kọ́ wà níbẹ̀ gbangba: àríwísí wà lára ohun tí òfin mọ̀. Ṣùgbọ́n kí n dárúkọ fíìmù àti ẹni tó ni ín, kí ohun tí mo mú sì má pọ̀ ju ohun tí mo ń sọ lọ.

Ìbéèrè kejì kò tiẹ̀ pẹ́. Ẹ̀tọ́ orí ìwé máa ń wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ìparí ọdún tí òǹkọ̀wé kú. Fágúnwà kú ní 1963. Ẹ ka 70 mọ́ ọn: ìparí 2033 ni. Títí di ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá fẹ́ ka odindi ìwé rẹ̀ fún gbogbo ayé gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, kò sì sí ìlà kan nínú abala 20 tó lè gba odindi ìwé. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n sọ pé torí àwọn tí ojú ń dùn ni mo ṣe ń kà á. Lóòótọ́ ni Nàìjíríà fìdí àdéhùn Marrakesh múlẹ̀ ní 2017, tí abala 26 sì fàyè gba ṣíṣe ìwé ní ìrísí tí àwọn afọ́jú lè lò. Àwọn tó wà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣe é fún àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn, ni àyè yẹn wà fún. YouTube tí gbogbo ènìyàn ń wò, tí ìpolówó ọṣẹ ń yọ lórí rẹ̀, kò sí níbẹ̀.

Níbo lẹ ti máa rí òfin náà kà? Ó wà lórí ojúlé Nigerian Copyright Commission, copyright.gov.ng, ó sì wà ní WIPO Lex, ibi tí àjọ WIPO ní Geneva kó òfin orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ sí lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má bẹ̀rù pé ó gùn. Abala 20 kò ju ojú ewé mélòó kan lọ. Àmọ́ kí n kì yín nílọ̀ lórí àwọn àpilẹ̀kọ tó ń ṣàlàyé òfin Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti kọ kó tó di 2023, wọ́n sì ṣì wà lókè nínú Google. Àmì tí mo fi ń dá wọn mọ̀ kò le: bí ẹ bá ti rí Cap C28 tàbí Second Schedule níbẹ̀, òkú òfin ni wọ́n ń ṣàlàyé.

Ní ti àjọ náà fúnra rẹ̀, NCC ni wọ́n ń pè é ní ìkékúrú, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń pe àjọ tó ń ṣọ́ MTN àti Airtel. Ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó pè, kí wọ́n má lọ bẹ̀rẹ̀ sí í bi yín nípa dátà. NCC ti kọpiráìtì ló máa ń lé àwọn tó ń ta ayédèrú fíìmù àti ìwé, òun ló sì ń gba ìforúkọsílẹ̀ iṣẹ́. Ìforúkọsílẹ̀ kì í ṣe ọ̀ranyàn. Iṣẹ́ yín ti ní ẹ̀tọ́ látìgbà tẹ́ ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀ tàbí tẹ́ ẹ ti gbà á sílẹ̀, ìwé ẹ̀rí náà kàn máa ń wúlò bí àríyànjiyàn bá dé ni. Wọ́n lè sọ ohun tí òfin wí. Ohun tí wọn ò lè sọ ni bóyá fídíò yín máa jàre, nítorí Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ló ni ìyẹn.

Ibì kan wà tó jẹ́ pé òfin tiwa nìkan ló lè dá ọmọ Yorùbá lóhùn: oríkì, àlọ́, ìjálá, ẹsẹ Ifá. Ẹ bi ojúlé Amẹ́ríkà, á ní kò sí òǹkọ̀wé, kò sí ẹ̀tọ́, ẹ máa gbé e lọ. Òfin Nàìjíríà ní apá kan tó dá dúró fún ohun àjogúnbá bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi ṣòwò, tàbí tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e kúrò ní ibi tí àṣà fi í sí, ọ̀rọ̀ àṣẹ ti wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá kàn ń pa àlọ́ fún ọmọ nílé kò ní ẹjọ́ kankan, ẹni tó mú ìtàn ìjàpá ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ tuntun tirẹ̀ náà ní àyè. Mo rí àwọn tó ń gba ohùn àwọn bàbá àgbà sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́, tí wọ́n ń ta á fún ilé iṣẹ́ eré orí kọ̀ǹpútà lókè òkun. Àwọn gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ ka apá yìí, ṣùgbọ́n wọn ò sí lára àwọn tó máa ń béèrè.

YouTube

Ojú ewé ìrànlọ́wọ́ YouTube ṣeé gbára lé pátápátá lórí ohun kan: ìlànà YouTube. Ẹ má fi bi òfin.

Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé claim àti strike kì í ṣe ọ̀kan náà. Content ID, ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń lò láti 2007, ló máa ń dá orin àti àwòrán mọ̀ tó sì ń gbé claim wá. Owó ló sábà máa ń bá a lọ, ìkànnì yín ṣì dúró. Strike ni ti ẹni tó kọ̀wé pé kí wọ́n yọ fídíò yín. Mẹ́ta láàárín 90 ọjọ́, ìkànnì lè lọ. Tèmi, claim ni. Mo kọ̀wé takò ó, mo ṣàlàyé pé àríwísí ni, mo dárúkọ ìṣẹ́jú tí mo ti ń sọ̀rọ̀ lórí àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó fi ẹ̀sùn lélẹ̀ ní 30 ọjọ́ láti fèsì. Ó jọ̀wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kọkàndínlógún. Mi ò mọ̀ bóyá àlàyé mi ló wọ̀ ọ́ lọ́kàn tàbí pé owó ibẹ̀ kò tó ohun tí èèyàn ń jà sí.

Ohun tí kò hàn sí ọ̀pọ̀ èèyàn wà nínú èsì sí strike, èyí tí wọ́n ń pè ní counter notification. Òfin Amẹ́ríkà ti 1998 ló bí i. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i láti Nàìjíríà, ẹ ti gbà pé kí ilé ẹjọ́ tó wà ní àgbègbè YouTube, ní California, gbọ́ ẹjọ́ yín. Ẹni tó fẹ̀sùn kàn yín ní ọjọ́ iṣẹ́ 10 láti fi hàn pé òun ti pẹjọ́. Bí kò bá ṣe é, fídíò á padà. Mo rí ọmọkùnrin kan lórí WhatsApp tó ń bá àwọn ènìyàn kọ ọ́ ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, tí kò sì sọ ọ̀rọ̀ California fún ẹnì kan nínú wọn. Fọ́ọ̀mù lásán ló pè é.

Ta ló ń jẹun nínú ìdáhùn YouTube? YouTube. Ohun tó ń wá ni kí ẹnikẹ́ni má pe òun lẹ́jọ́. Kò burú, ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n. Fídíò lè bófin mu ní Nàìjíríà kó má gbé lórí YouTube, òmíràn á sì gbé níbẹ̀ fún ọdún márùn-ún tó jẹ́ pé olè ni.

Agbẹjọ́rò àti ẹ̀rọ AI

Mo fi àwọn méjì yìí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń ṣe é nínú ọkàn wa: èyí ń gbowó, èyí kò gbowó.

Mo bi ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ AI ní Yorùbá, mo sọ pé Ìbàdàn ni mo wà. Ó fi Yorùbá tó dán dá mi lóhùn pé abala 107 gbà mí láyè. Mo ní Amẹ́ríkà lo ń sọ. Ó tọrọ àforíjì, ó wá yí sí fair dealing, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa gan-an. Mo wá ní kó mú ẹjọ́ Nàìjíríà kan wá. Ó dárúkọ olùpẹjọ́, ó dárúkọ olùjẹ́jọ́, ó fún mi ní ọdún. Mo wá ẹjọ́ náà títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sí níbì kankan. Èmi nìkan kọ́ ni irú ẹ̀ ṣe. Ní New York ní 2023, adájọ́ kan ní kí àwọn agbẹjọ́rò san 5,000 dọ́là nítorí wọ́n kó ẹjọ́ tí ChatGPT hùmọ̀ wá síwájú òun. Báyìí, èmi ló máa ń gbé ọ̀rọ̀ òfin síwájú ẹ̀rọ náà, tí màá ní kó tú u palẹ̀ fún mi, tí màá sì padà fi ìtumọ̀ rẹ̀ wé ohun tó wà lójú ìwé. Níbi ìyẹn, ó wúlò. Bí orísun òfin, kò wúlò.

Agbẹjọ́rò tí mo lọ bá, obìnrin ni, àǹtí kan tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ilé ìfowópamọ́ kan. Kò kọ́kọ́ ṣí ìwé rárá. Ó wo fídíò mi tán, ó ní, “Àbúrò, ẹni tó bá wo èyí tán, ṣé á ṣì fẹ́ lọ wo fíìmù yẹn?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Àti ibi tó o ti gbé ìjà ìkẹyìn sí yìí? O ò sọ nǹkan kan lórí rẹ̀. Orin lo fi sábẹ́ ẹ̀.” Ọ̀rọ̀ mi pin. Ìṣẹ́jú-àáyá 14 péré ni ìjà náà, kékeré sí 22 tó wà lókè, síbẹ̀ òun ló léwu jù, nítorí mi ò fi ṣe àríwísí kankan, mo kàn fi dá fídíò mi lọ́ṣọ̀ọ́ ni. Kò sí ojúlé kan tó lè rí ìyẹn fún mi.

Kì í ṣe gbogbo agbẹjọ́rò ló lè rí i náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ilẹ̀ àti ilé ni wọ́n ń jẹ lórí. Ìbéèrè méjì ni kẹ́ ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó: abala wo lẹ máa kọ́kọ́ ṣí, ẹ ti gbé ẹjọ́ kọpiráìtì lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ rí bí? Bó bá ní Second Schedule, ẹ dúpẹ́ omi tí wọ́n fún yín mu, kẹ́ ẹ máa lọ. Bí owó ò bá sí, àwọn yunifásítì kan ní law clinic, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ti ń gbani nímọ̀ràn lábẹ́ ojú olùkọ́ wọn.

Bí mo ṣe máa pín ìbéèrè fún wọn nìyí:

| Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ mọ̀ | Ibi tí màá kọ́kọ́ lọ | Ibi tí mi ò ní tẹ́tí sí |
|---|---|---|
| Claim ni àbí strike, ọjọ́ mélòó ló kù | Ojú ewé ìrànlọ́wọ́ YouTube | Ẹni tó ń ta “a ó yọ strike” lórí WhatsApp |
| Ọdún tí ẹ̀tọ́ orí ìwé máa parí | Òfin 2022, pẹ̀lú ọdún tí òǹkọ̀wé kú | Àpilẹ̀kọ tó ń ka ọdún Amẹ́ríkà |
| Bí adájọ́ ṣe ń wọn ìlò | Fair Use Index àti Stanford, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ka abala 20 | Ẹni tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá |
| Ta ni ká sanwó orin fún | MCSN (ẹgbẹ́ tó ń gbowó orin fún àwọn olórin), tàbí ilé iṣẹ́ tó gbé àwo jáde | Ẹ̀rọ AI |
| Lẹ́tà agbẹjọ́rò ti dé bá mi | Agbẹjọ́rò tiyín, lọ́jọ́ náà gan-an | Gbogbo ìyókù |

Àwọn ẹgbẹ́ tó ń gbowó fún àwọn oníṣẹ́

MCSN wà fún orin, AVRS wà fún fíìmù, REPRONIG wà fún ìwé tí wọ́n ń dà kọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó ni nǹkan àti iye tó ń gbà, àwọn ni kẹ́ ẹ bi. Ẹ má bi wọ́n bóyá ẹ nílò àṣẹ. Ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì kọ́ ló máa sọ fún yín pé ẹ lè wọlé lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ sì rántí pé orin kan lè ní olóhun méjì. Ká sọ pé ẹ fẹ́ lo àwo Àyìnlá Ọmọwúrà kan tó jáde ní 1972. Ohùn tó wà lórí àwo náà ní 50 ọdún tirẹ̀ lẹ́yìn ìparí ọdún tó jáde, ìyẹn ti tán ní ìparí 2022 lábẹ́ òfin Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àti ìlù tí ó fi orí rẹ̀ gbé kalẹ̀ ń tẹ̀lé ọdún ikú rẹ̀. 1980 ló kú, nítorí náà ó di ìparí 2050. Mo ti rí DJ tó ń bú YouTube pé àwo àádọ́ta ọdún, kí ni wọ́n ń sọ. Ìdajì ọ̀rọ̀ ló mọ̀.

Ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn odi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Peckham, ẹ gbàgbé fair use. Òfin Ìlú Ọba ti 1988 ní fair dealing tirẹ̀, àwọn ìdí tó gbà sì ní iye. Ìsínjẹ kò wọ inú rẹ̀ àfi ní 2014. Àlàyé tó mọ́ wà lórí GOV.UK lábẹ́ ilé iṣẹ́ Intellectual Property Office, British Library ní St Pancras sì ní Business and IP Centre tẹ́ ẹ lè fẹsẹ̀ yín rìn wọ̀. Bó bá jẹ́ pé ibì kan ni mo lè gbé wá sí Ìbàdàn nínú gbogbo ohun tí mo rí, ibẹ̀ ni.

Ní Kétu àti Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, ọ̀nà mìíràn ni. Òfin Benin tẹ̀lé ti Faransé: kò sí òṣùwọ̀n mẹ́rin, àwọn àyè tí òfin là sílẹ̀ nìkan ló wà, irú bí àyọlò kúkurú tàbí ìsínjẹ. BUBEDRA, àjọ kọpiráìtì wọn ní Kútọnu, ni kẹ́ ẹ bi, ní Faransé. Olórin tó bá ń kọrin ní Kétu tó sì ń ta á ní Ìmẹ̀kọ ń gbé lábẹ́ òfin méjì, odò kò sì sí láàárín wọn.

Ní tèmi, mo yọ ìjà ìkẹyìn kúrò nínú fídíò náà, mo fi àwòrán tí mo sọ̀rọ̀ lé lórí rọ́pò rẹ̀. Ní ti ìwé Fágúnwà, mi ò ka orí kankan síta. Lẹ́tà ni mo kọ sí àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́: orúkọ ìwé, iye orí tí mo fẹ́ kà, ibi tí màá gbé e sí, pé ìpolówó máa wà níbẹ̀, iye ọdún tí mo fẹ́ kó wà níbẹ̀. Àǹtí agbẹjọ́rò ní kí n fi ìbéèrè kan kún un, bóyá ọwọ́ wọn ni àṣẹ kíka ìwé náà sókè wà tàbí ọwọ́ ẹbí olóògbé, torí ẹni tó ní àṣẹ títẹ ìwé lè máà ní àṣẹ ohùn. Ọ̀sẹ̀ keje rèé. Àná ni mo tún fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́.